Rabuka ti Fíjì: ṣọ́jà tó fi ìbọn gbàjọba, tó tún fi ìbò padà dé

Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Olóòtú ìjọba orílẹ̀-èdè Fíjì dìde níwájú èrò rẹpẹtẹ nílùú Suva, ó sì jẹ́wọ́. Ó ní òun ń sọ̀rọ̀ fún ara òun, òun sì ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo àwọn tó bá òun lọ́wọ́ sí ìfipágbàjọba ọdún 1987, pé àwọn ṣẹ̀, àwọn sì ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn léṣe, pàápàá àwọn ọmọ Íńdíà tó wà ní Fíjì. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n foríjì. Sitiveni Rabuka lorúkọ ọkùnrin náà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló pé ọdún 36 géérégé tí àwọn ṣọ́jà rẹ̀ ya wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún ti gbòde báyìí nítorí ìdìbò. Òfin Fíjì ní kí wọ́n di ìbò gbogboogbò tó kàn láàárín oṣù kẹjọ ọdún 2026 sí oṣù kejì ọdún 2027, Rabuka yóò sì pé ọmọ ọdún 78 nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2026. Fíjì kì í ṣe ìlú ńlá. Èèyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan, wọ́n sì fọ́n káàkiri orí erékùṣù nínú agbami òkun Pàsífíìkì. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti gbé lábẹ́ ìjọba ológun rí, tó sì ti rí ọ̀gágun tó bọ́ kakí sílẹ̀ tó wọ agbádá wá tọrọ ìbò, á mọ̀ pé ìtàn yìí kò jìnnà sí tòun.

Èmi gbà pé ẹ̀bẹ̀ Rabuka tọkàn wá. Ohun tí mi ò tíì gbà ni pé ẹ̀bẹ̀ nìkan lè tún ohun tó bàjẹ́ lọ́dún 1987 ṣe, nítorí ohun tó bàjẹ́ lọ́jọ́ náà ju ọ̀rọ̀ ìjọba kan tí wọ́n lé lọ. Àwọn ṣọ́jà Fíjì rí i lọ́jọ́ yẹn pé ó ṣeé ṣe.

Bí ọmọ Íńdíà ṣe dé Fíjì

Ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1874 ni àwọn ìjòyè Fíjì fa ilẹ̀ wọn lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Gómìnà tó dé lẹ́yìn ìyẹn, Arthur Gordon, fòfin de títa ilẹ̀ àwọn iTaukei, ìyẹn àwọn onílẹ̀, kò sì gbà kí wọ́n máa kó wọn kúrò lábúlé lọ ṣiṣẹ́ oko fún òyìnbó. Ìyẹn dáa fún onílẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ń wá owó ṣúgà, ìrèké kì í sì í gbin ara rẹ̀. Íńdíà ni wọ́n ti lọ kó òṣìṣẹ́ wá, wọ́n ní kí wọ́n tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn iṣẹ́ ọdún márùn-ún. Ọkọ̀ òkun àkọ́kọ́ tó kó wọn dé, Leonidas, gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1879. Nígbà tí wọ́n fi máa dáwọ́ kíkó wọn wá dúró lọ́dún 1916, àwọn tó ti dé ti lé ní 60,000.

Ẹ kíyè sí ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ kan náà, oṣù kan náà, lẹ́yìn ọdún 108, ni Rabuka gbàjọba. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Íńdíà ní Fíjì, ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi ń rántí ìgbà tí wọ́n kó baba ńlá rẹ̀ dé àti ìgbà tí wọ́n sọ fún òun fúnra rẹ̀ pé kì í ṣe ọmọ ilé.

Ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yẹn kò padà sílé nígbà tí àdéhùn wọn parí. Wọ́n yá ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, wọ́n gbin ìrèké, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n rán ọmọ nílé ìwé, àwọn ọmọ náà di olùkọ́, dókítà àti lọ́yà. Nígbà tí Fíjì fi máa gba òmìnira ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1970, wọ́n ti pọ̀ ju onílẹ̀ lọ. Ìkànìyàn ọdún 1986 fi hàn pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo èèyàn tó wà nílùú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ńkọ́? Ó lé ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ilẹ̀ Fíjì tó wà lọ́wọ́ àwọn ìdílé onílẹ̀, a kì í tà á, àfi ká yá a fúnni. Àgbẹ̀ tó gba ilẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí onílẹ̀ yóò ní kó kó ẹrù rẹ̀. Onílẹ̀ náà ń wò ó pé àlejò ti pọ̀ ju òun lọ, pé bó bá di ọ̀rọ̀ ìbò, wọn yóò gba ìjọba mọ́ òun lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù méjèèjì yìí ni olóṣèlú Fíjì ti ń fi ṣe òwò láti ọdún yìí wá.

Ratu Sir Kamisese Mara, ìjòyè ńlá, ló ṣèjọba fún ọdún 17 lẹ́yìn òmìnira. Nínú oṣù kẹrin ọdún 1987 ni ìbò gbé e lulẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, Labour, àti ẹgbẹ́ National Federation Party ni wọ́n jùmọ̀ wọlé, wọ́n gba ìjókòó 28 nínú 52. Olórí wọn, Timoci Bavadra, dókítà ni, onílẹ̀ pọ́ńbélé sì ni, láti apá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù ńlá Viti Levu. Kókó yìí ni àwọn tó ń sọ ìtàn náà bí ìjà ẹ̀yà lásán máa ń fò. Onílẹ̀ ni wọ́n lé kúrò lórí àlééfà. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ìbò ọmọ Íńdíà ló pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, pé kì í ṣe ará ilé àwọn ìjòyè ìlà oòrùn tó ti mọ́ lára láti máa ṣèjọba, pé ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ owó oṣù àti ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń retí ọ̀rọ̀ oyè.

Ta ni Rabuka?

Abúlé Nakobo ní ìpínlẹ̀ Cakaudrove, lórí erékùṣù Vanua Levu, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1948. Kì í ṣe ọmọ oyè. Ó lọ sí Queen Victoria School, níbi tí àwọn ọmọ onílẹ̀ tó mọ̀wé ti ń kàwé pa pọ̀ pẹ̀lú ọmọ ìjòyè, ó sì wọṣẹ́ ológun. Géńdé ni, eléré ìdárayá ni: ó gbá bọ́ọ̀lù rugby fún Fíjì, ó sì lọ sí ìdíje Commonwealth nílùú Christchurch lọ́dún 1974, níbi tó ti kópa nínú ìdíje oníṣẹ́ mẹ́wàá tí wọ́n ń pè ní decathlon àti nínú jíju òòlù. Ó tún jẹ́ oníwàásù nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ìjọ tí ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ń lọ. Ìwàásù yìí kì í ṣe ohun kékeré nínú ayé rẹ̀, torí nígbà tó gbàjọba, ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni òun ń jẹ́.

Lẹ́bánónì ni orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde. Fíjì kéré, ṣùgbọ́n ó ń kó ṣọ́jà fún àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ju bó ṣe tóbi lọ. Rabuka ṣe ọ̀gá ọmọ ogun Fíjì nínú ikọ̀ apẹ̀tùsááwọ̀ tó wà ní gúúsù Lẹ́bánónì, ikọ̀ kan náà tí àwọn ṣọ́jà Nàìjíríà ti ṣiṣẹ́ láàárín ọdún 1978 sí 1983. Ó padà wálé pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún 1987 fi máa dé, àwọn méjì ṣì wà lókè rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, ilé aṣòfin ń jókòó ní Suva. Rabuka wà lókè níbi tí àwọn aráàlú ti máa ń jókòó wòran, ó wọ kóòtù, ó dàbí ẹni tó wá gbọ́ àríyànjiyàn. Àwọn ṣọ́jà mẹ́wàá wọlé, wọ́n fi nǹkan bojú, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn jókòó jẹ́ẹ́. Rabuka sọ̀ kalẹ̀ látòkè wá. Wọ́n kó Bavadra àti àwọn mínísítà rẹ̀ jáde sínú ọkọ̀ ológun tó ń dúró níta, wọ́n sì wà wọ́n lọ sí bárékè. Ẹnikẹ́ni ò kú nínú ilé náà. Bó ṣe rọrùn tó yẹn ló burú jù, lójú tèmi. Ìjọba tí aráàlú yan, tí kò tíì ju oṣù kan lọ, parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìtòsí sì ń yọjú lójú fèrèsé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti béèrè bóyá Mara mọ̀ sí i. Ó sẹ́ títí tó fi kú lọ́dún 2004.

Gómìnà àgbà tó ń ṣojú Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, Ratu Sir Penaia Ganilau, jẹ́ ìjòyè láti Cakaudrove, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí Rabuka gan-an. Ẹ fojú inú wo bó ṣe máa nira tó fún Rabuka láti dojú kọ ẹni tí àṣà ní kó máa tẹríba fún. Ganilau gbìyànjú láti fi àdéhùn tún un ṣe: wọ́n jókòó ní Deuba, Mara àti Bavadra fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án pé àwọn yóò jọ ṣèjọba. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, Rabuka tún gbàjọba lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá, ó kéde pé Fíjì ti di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò sí lábẹ́ Ọbabìnrin mọ́, àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth sì yọ orúkọ Fíjì kúrò láàárín wọn lóṣù náà. Nígbà tó di oṣù kejìlá, ó dá ìjọba padà fún Ganilau gẹ́gẹ́ bí ààrẹ àti Mara gẹ́gẹ́ bí Olóòtú ìjọba. Bí ẹni tó gbapò lọ́wọ́ ẹni kan kó lè gbé e fún baba rẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e kò ṣeé kà tán. Wọ́n fòfin de iṣẹ́, eré ìdárayá àti ọkọ̀ èrò lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú ìlú tí Híńdù àti Mùsùlùmí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Wọ́n kọlu ilé àti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Íńdíà. Ìwé òfin tuntun tí wọ́n ṣe lọ́dún 1990 fún onílẹ̀ ní ìjókòó 37 nínú 70, ó fún ọmọ Íńdíà ní 27, ó sì ní onílẹ̀ nìkan ló lè jẹ́ Olóòtú ìjọba. Àwọn tó lówó tàbí tó níṣẹ́ lọ́wọ́ di ẹrù wọn: Ọsirélíà, New Zealand, Kánádà, Amẹ́ríkà. Ẹgbẹẹgbàárùn-ún ló lọ. Lónìí, ọmọ Íńdíà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará Fíjì mọ́. Bavadra kò rí òpin rẹ̀, àìsàn jẹjẹrẹ pa á lọ́dún 1989, ó jẹ́ ọmọ ọdún 55.

Láti ọ̀gágun sí olóṣèlú

Ìdìbò ọdún 1992 ló sọ Rabuka di Olóòtú ìjọba, ẹgbẹ́ tí àwọn ìjòyè dá sílẹ̀, SVT, ló sì gbé e wọlé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni pé ìjókòó ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tó, àwọn míì nínú ẹgbẹ́ náà sì ń bá a du ipò. Ta ló wá gbà á? Ẹgbẹ́ Labour. Mahendra Chaudhry, tó jẹ́ mínísítà ìṣúná nínú ìjọba Bavadra tí Rabuka fi ìbọn lé, ló kó àwọn aṣòfin rẹ̀ sẹ́yìn ẹni tó lé wọn, torí Rabuka ṣèlérí pé òun yóò tún ìwé òfin 1990 yẹ̀ wò. Ẹni tó bá rò pé òṣèlú Nàìjíríà nìkan ni ọ̀tá ti ń di ọ̀rẹ́ mọ́jú, kó lọ wo Fíjì.

Ìjọba náà ní àbàwọ́n tirẹ̀. Báńkì ìjọba, National Bank of Fiji, ṣubú ní àárín ọdún 1990 sókè, gbèsè tí kò ṣeé gbà padà lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là Fíjì, aráàlú ló sì san án. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ìwé òfin, Rabuka ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí. Ó jẹ́ kí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta kan, tí Sir Paul Reeves láti New Zealand jẹ́ alága rẹ̀, jókòó tì í. Ó bá Jai Ram Reddy, olórí ẹgbẹ́ National Federation Party, ṣe é títí tó fi di pé wọ́n ń fọkàn tán ara wọn. Lọ́dún 1997, Reddy dúró níwájú Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjòyè Àgbà, òun ni olórí ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ tó máa bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìwé òfin tuntun jáde lọ́dún náà, ó mú ìdènà kúrò kí ẹ̀yàkẹ́yà lè jẹ́ Olóòtú ìjọba.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1997 ni Commonwealth gba Fíjì padà. Ọmọ Nàìjíríà, Emeka Anyaoku, ni akọ̀wé àgbà wọn nígbà náà, Nàìjíríà tirẹ̀ sì wà níta lábẹ́ Abacha, wọ́n ti dá a dúró láti ọdún 1995. Rabuka lọ bá Ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù, tabua ló fi bẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tabua ṣe rí, torí ẹ̀bẹ̀ ní Fíjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Eyín àbùùbùtán ni. Wọ́n á fi epo pa á, wọ́n á dán an títí yóò fi pọ́n bí oyin, wọ́n á sì fi okùn tí wọ́n hun láti ara èèpo àgbọn so ó lórí méjèèjì. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ á lóṣòó, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú, á máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, kò ní dìde títí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ yóò fi nawọ́ gbà á. Ẹni tó bá ti gbà á, ó ti gba ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Fún ọkùnrin tó yọ orúkọ Ọbabìnrin kúrò lórí ìlú rẹ̀, èyí kì í ṣe eré.

Lọ́dún 1999, ìbò gbé Rabuka lulẹ̀ lábẹ́ ìwé òfin tó fúnra rẹ̀ ṣe. Ìjókòó mẹ́jọ péré ni SVT mú. Ẹgbẹ́ Reddy kò mú ẹyọ kan. Chaudhry ló di Olóòtú ìjọba, ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ tó máa dé ibẹ̀. Rabuka kò pe ṣọ́jà kankan. Ó kúrò. Lọ́dún kan náà, Anyaoku rán an lọ sí Solomon Islands níbi tí ìjà ẹ̀yà ti bẹ́ sílẹ̀, ó sì bá wọn dé ibi àdéhùn àlàáfíà Honiara nínú oṣù kẹfà. Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn parí sí ni, à bá máa kà á sí àgbà tó ti wẹ̀ mọ́.

Pàṣán tó wà lájà

Ọdún kan ni Chaudhry lò. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2000, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ George Speight kó àwọn ṣọ́jà wọ ilé aṣòfin, ó sì dá Chaudhry àti àwọn mínísítà rẹ̀ dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ 56. Ìgbà kejì nìyí tí wọ́n máa fi ìbọn lé Chaudhry kúrò nípò. Nínú oṣù kọkànlá, àwọn ṣọ́jà kan dìtẹ̀ sí ọ̀gá wọn, Frank Bainimarama, ní bárékè Suva, ẹ̀mí mẹ́jọ sì lọ sí i. Bainimarama sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn kan Rabuka pé ó ru àwọn ṣọ́jà sókè, ẹjọ́ náà sì fà títí di oṣù kejìlá ọdún 2006 kí ilé ẹjọ́ tó dá a sílẹ̀. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìdájọ́ jáde ni Bainimarama fúnra rẹ̀ gbàjọba, ní ọjọ́ 5 oṣù náà, ó lé Olóòtú ìjọba, Laisenia Qarase, onílẹ̀ tí àwọn onílẹ̀ yàn.

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Lọ́dún 1987 wọ́n ní nítorí onílẹ̀ ni ṣọ́jà ṣe gbàjọba. Lọ́dún 2006, ṣọ́jà gbà á lọ́wọ́ onílẹ̀, ó ní nítorí kí ẹ̀yà má jẹ gàba lórí ẹ̀yà mọ́ ni. Bainimarama fagi lé ìwé òfin 1997, èyí tó dáa jù nínú iṣẹ́ Rabuka. Ó tú Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjòyè Àgbà ká. Ó kọ ìwé òfin tirẹ̀ lọ́dún 2013, ó wọ aṣọ aráàlú, ó sì wọlé ìbò ní 2014 àti 2018. Ọ̀nà tí Rabuka là náà ló tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àfi pé ó le ju Rabuka lọ.

Ìdìbò ọdún 2018 ni Rabuka fi padà dé gẹ́gẹ́ bí olórí ẹgbẹ́ SODELPA. Ọjọ́ méjì kí wọ́n dìbò ni ilé ẹjọ́ gíga tó dá a láre lórí ẹ̀sùn pé kò kéde dúkìá rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìjókòó 21 ló mú, FijiFirst ti Bainimarama mú 27. Nígbà tó yá, SODELPA gbé ẹlòmíì sípò rẹ̀, ó bínú jáde, ó sì dá People's Alliance sílẹ̀ lọ́dún 2021.

Oṣù kejìlá ọdún 2022 ni mo máa ń sọ pé kí àwọn tó fẹ́ràn òṣèlú lọ kà. Ìjókòó 55 ló wà. FijiFirst mú 26, People's Alliance mú 21, National Federation Party mú 5. SODELPA, ẹgbẹ́ tó lé Rabuka, ló mú 3 tó kù, ibi tí wọ́n bá tẹ̀ sí ni ìjọba yóò tẹ̀ sí. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà dìbò: 16 ní kí wọ́n bá Rabuka lọ, 14 ní rárá. Wọ́n tún ní ìbò náà kò tẹ̀lé òfin ẹgbẹ́, wọ́n tún un dì: 13 sí 12. Nígbà tí ilé aṣòfin jókòó lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, wọ́n dìbò bòńkẹ́lẹ́. Ìbò 29 ló yẹ kí Rabuka ní. 28 ló ní, Bainimarama ní 27. Ẹnì kan láàárín àwọn tirẹ̀ ti fi ìbò rẹ̀ ta á. Ohun tó kù sáàárín Rabuka àti ìjákulẹ̀ kò ju ìbò kan lọ, ìjọba sì yí padà láìsí ìbọn.

Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí

Rabuka tó padà dé kì í ṣe ẹni ọdún 1987. Ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Nínú oṣù keje ọdún 2023, ó fagi lé ìrìn àjò rẹ̀ sí Ṣáínà torí pé ó ń wo fóònù, kò rí àtẹ̀gùn, ó ṣubú, orí rẹ̀ bẹ́. Fúnra rẹ̀ ló gbé fídíò síta, tó fi báńdéèjì àti ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ hàn. Ìjọba rẹ̀ dá Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjòyè Àgbà padà, ó sì sọ ọjọ́ ìrántí dídé àwọn òṣìṣẹ́ Íńdíà di ọlidé. Lẹ́yìn odi, òun ló gbé èrò kalẹ̀ pé kí òkun Pàsífíìkì di òkun àlàáfíà, àwọn olórí agbègbè náà sì fọwọ́ sí ìkéde rẹ̀ ní Honiara nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Lóṣù kan náà ló ṣí ilé aṣojú Fíjì ní Jerúsálẹ́mù, ohun tí orílẹ̀-èdè díẹ̀ péré tíì ṣe. Ìgbésẹ̀ yìí múnú àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì dùn nílé, ó sì bí àwọn kan nínú.

Ilé gan-an ni iṣẹ́ ti pọ̀. Ìwé òfin Bainimarama ti ọdún 2013 ṣì ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹni tó bá fẹ́ yí ìlà kan padà gbọ́dọ̀ rí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn aṣòfin, kó tún rí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ìyẹn ni pé ẹni tó jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò, wọ́n kà á mọ́ àwọn tó ní rárá. Rabuka gbé àbádòfin àtúnṣe wá síwájú ilé lọ́dún 2025, kò kógo já. Ó gbé e lọ sílé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025, àwọn adájọ́ ní ìwé òfin náà fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n ìdá méjì nínú mẹ́ta aṣòfin ti tó, àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá jáde dìbò lórí rẹ̀. Ilẹ̀kùn àtúnṣe ṣí díẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà wà, bí irú èyí tí a mọ̀ sí Oputa nílé. Òfin tó dá a sílẹ̀ jáde nínú oṣù kejìlá ọdún 2024, láti gbọ́ ẹnu àwọn tí ìfipágbàjọba ṣe léṣe láti 1987 wá. Rabuka ti sọ pé òun náà yóò jáde síwájú rẹ̀. Ó yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀, torí ta ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ta ló gbìmọ̀, ta ló fúnni lówó, ju òun lọ?

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí i bó bá sọ ọ́. Ìwé òfin 2013 dáàbò bo gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ sí ìgbàjọba 2006, ó sì fi ìlà kan síbẹ̀ pé àforíjì tó wà nínú ìwé òfin 1990 fún àwọn ti 1987 ń bá a lọ. Nínú gbogbo ohun tí Rabuka àti Bainimarama fi yàtọ̀ síra wọn, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n jọ sá sí. Ẹ sì wo bó ṣe rí fún Bainimarama: wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan nínú oṣù karùn-ún ọdún 2024. Kì í ṣe torí ìjọba tó fipá gbà. Torí pé ó ní kí ọlọ́pàá dáwọ́ ìwádìí dúró lórí ọ̀rọ̀ yunifásítì kan ni. Ẹgbẹ́ rẹ̀, FijiFirst, ti pàdánù ìforúkọsílẹ̀ láti oṣù keje ọdún náà, àwọn aṣòfin rẹ̀ sì ti fọ́n ká.

Àwọn tó wà ní àyíká Rabuka náà kò fìdí múlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nínú oṣù kẹwàá ọdún 2025, àwọn igbákejì rẹ̀ méjì, Biman Prasad àti Manoa Kamikamica, fipò sílẹ̀ nígbà tí àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ fẹ̀sùn kàn wọ́n. Prasad ni olórí National Federation Party, ẹgbẹ́ tó mú ìjókòó márùn-ún tí ìjọba fi dúró. Nínú ilé tí ìbò kan ti pinnu ẹni tó máa ṣèjọba, ẹgbẹ́ tó mú márùn-ún kì í ṣe ẹni tí a ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Àwọn ológun sì wà níbẹ̀. Ìwé òfin 2013, ní abala 131, ní iṣẹ́ wọn ni láti rí i pé ààbò àti àlàáfíà wà fún Fíjì àti gbogbo èèyàn rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tó bá ní ìbọn lọ́wọ́ lè fi ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ báyẹn ṣe ohunkóhun tó bá wù ú. Ìjọba Rabuka kò tíì pé oṣù kan nígbà tí ọ̀gá àwọn ológun, Jone Kalouniwai, gbé ìwé jáde nínú oṣù kìíní ọdún 2023 pé bí wọ́n ṣe ń yára yí nǹkan padà ń kọ òun lóminú. Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ní kò sí wàhálà, ó sì tún ti sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé àwọn ológun kò ní dá sí òṣèlú. Ìjọba gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ẹni tó ń ṣe olórí ìjọba náà mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ bí irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣe lágbára tó: òun náà jẹ́ ọ̀gágun tó búra fún Ọbabìnrin kó tó jókòó sókè ilé aṣòfin lọ́jọ́ náà.

Ní báyìí, ìdìbò ló kàn. Bí àwọn àbádòfin àtúnṣe bá tún padà wá síwájú ilé, ìwé tí wọ́n á kọ́kọ́ wá nínú wọn ni èyí tó bá kan abala 131 àti orí tó fúnni ní àforíjì. Ọwọ́ Rabuka lè kan ti àkọ́kọ́. Èkejì yẹn, orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀.